Ẹrù Iná

Todmorden, agogo mẹ́wàá alẹ́, oṣù Karùn-ún.
Ooru ti mú láti àárọ̀, irú èyí tí ilé wọn
kò mọ bí a ti ń gbà lálejò.
Ní báyìí àwọsánmà ti gun orí òkè Stoodley,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń kùn sínú.

Ìbídùnní tẹ́ ìwé sórí tábìlì ìdáná.
Ìdánwò fisíìsì ku ọ̀sẹ̀ méjì.
"Màmá, ẹ máa ka nọ́ńbà fún mi."
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ẹsẹ̀ mi wú.
Arúgbó mẹ́fà ni mo gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí,
kò sẹ́ni tó bi mí ní iye júùlù tó jẹ́.

Ó ní yìnyín wẹ́wẹ́ ló ń fara gbún ara wọn lókè lọ́hùn-ún
bí ọmọ iléèwé lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.
Èyí tó fúyẹ́ gòkè, èyí tó wúwo sọ̀ kalẹ̀,
wọ́n sì ti pín ẹrù iná láàárín ara wọn:
ti òkè ń wá ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń wá ilẹ̀,
afẹ́fẹ́ dúró láàárín bí onílàjà tí agara ń dá.
Ẹrù ni o, ó tẹnu mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ̀rù.
Mo ní mo gbọ́.
Fèrèsé funfun báláú, mo fò.

Kùlọ́ḿbù márùndínlọ́gbọ̀n. Ọgọ́rin mílíọ̀nù fólítì.
Fi èyí sọ ìyẹn di púpọ̀, kí o wá dá a sí méjì.
"Kí ló dé tó o fi ń dá a sí méjì?"
Ó ronú. Ó ní, ẹ wo ẹni tó ń mọ ògiri:
búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ilẹ̀ lásán ló gbé e lé, kò làágùn.
Ti ìkẹyìn ló fi àkàbà gbé.
Ẹrù tó kọ́kọ́ dé inú àwọsánmà kò bá ẹnikẹ́ni jà;
ti ìkẹyìn ni gbogbo àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń tì dànù.

Bílíọ̀nù kan júùlù.
Àrá sán. Mo di etí tábìlì mú.
Ó tún tẹ ẹ̀rọ: ní iye tí mítà abẹ́ àtẹ̀gùn ń gbà,
àádọ́rin póun, ó lé díẹ̀.
Àádọ́rin póun! Gbogbo ìhàlẹ̀ yìí!
Ìba sè tó kẹ́tù omi ẹgbẹ̀sán, ó dín díẹ̀,
bí àrá bá ní sùúrù.
Ẹ̀rín pa mí títí, ẹ̀rín náà sì dúró.

Mo rántí Àdìgún, àbúrò ìyá mi,
tí àrá bá nínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìlá.
Wọ́n ní olè ni. Wọ́n ní àrá kì í jà láìnídìí.
Wọ́n tú yàrá rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan,
wọ́n ní ó ti tà á.
Ìyàwó rẹ̀ kó kúrò ládùúgbò pẹ̀lú ìkòkò méjì.

"Ìbí, bí ènìyàn bá dúró nínú oko ẹ̀gẹ́ ńkọ́,
tó gbé ọkọ́ léjìká?"
Kò gbójú sókè. Ó ya ilẹ̀, ó ya ènìyàn kékeré kan,
ó ya ọfà púpọ̀ tó ṣù mọ́ ọn lórí.
"Ibi ṣóńṣó ni agbára ti ń pọ̀ jù.
Kò ṣe nǹkan kan, Màmá.
Ó kàn ga ju ẹ̀gẹ́ lọ ni."

Mànàmáná tún kọ. A ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́fà.
Kìlómítà méjì. Ó ti ń lọ sọ́nà Burnley.
Mo fa ewé náà ya. "Màmá, iṣẹ́ mi nìyẹn o!"
Mo ti ká a sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù.
Opó Àdìgún ṣì wà láyé, ní Òkè-Ìlá.
Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n bí a bá ya ọkọ rẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn, mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé owó ń tán.